Àṣàbí, Ìyàwó Tó Sọ Ọkọ Lórúkọ

Ọdún 1931 ni ilé Aláró ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Alhaja Mòríámọ̀ Àṣàbí Ògúntádé. Ohùn náà kò sinmi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Yínúsà aláró ni bàbá wọn. Alimat, ìyá wọn, a máa fi ewì ẹ̀fẹ̀ tan àwọn ọmọ tí ebi ń pa, títí iṣu á fi jinná.

Kíláàsì kejì ni wọ́n wà nígbà tí bàbá wọn kú ní 1940. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Aṣọ ilé-ìwé wọn náà ni wọ́n fi ru igi títí ó fi gbó.

Ní 1951, wọ́n wọ rélùwéè wá bá ọkọ wọn, Hámzàt Ògúntádé, tó ń ta ohun èèlò kẹ̀kẹ́ ní Kaduna. Yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ń jò, orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ló sì ń jò sí. Ní ìjókòó ni tọkọtaya ń sùn, bàsíà á wà láàárín wọn. Màmá ní bàsíà yẹn ni àkọ́bí àwọn.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó; ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ fún un. Àbúrò ọkọ wọn, Àbdùlsàlámì, jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kì í sì í jìnnà sí ìkòkò. Màmá sọ ọ́ ní Ikùn-ń-ṣíwájú. Bó ti ń dàgbà ni ikùn náà ń jẹ́ orúkọ.

Aṣọ ilé-ìwé ni Màmá ń rán ní Hayin Banki, àdúgbò wọn ní Kaduna. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 1983, ọkọ wọn sì di olóògbé ní 1989. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wọ́n jù lẹ́yìn ìyẹn ni pé àwọn ọmọ-ọmọ ń gbọ́ Yorùbá, Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn. Bí Màmá bá ní kí Hameedat, ọ̀kan nínú wọn, bu omi wá, á ní, "To, Kaka," ìyẹn "Ó dáa, Ìyá àgbà." Ni Màmá bá ń tẹ́ ẹní ní gbogbo ọ̀sán Sátidé fún ọmọ àdúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tí kò bá ké ewì Yorùbá kò ní wọlé; ẹni tó bá ké e á gba kúlíkúlí.

Ní 1994, Àbdùlsàlámì ń du ipò alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kaduna. Ó wọ agbádá tuntun, ó kó àwọn àgbà lẹ́yìn wá sílé. Àwọn ọmọ bá dìde lórí ẹní:

*Ikùn-ń-ṣíwájú, ẹ yà fún un!*
*Ikùn ti dé Kawo, oníkùn ṣì wà ní Barnawa,*
*Ìdí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà nílé.*

Ìpẹ̀kun Kaduna méjèèjì ni Kawo àti Barnawa. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹnì kan fi bọ́.

"Ìyá Olúṣẹ̀yẹ, ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nìyí? Ó ti parí. Ẹ ká ẹní yín," ni Àbdùlsàlámì wí.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Orúkọ ni mo sọ yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó ikùn jọ."

Síbẹ̀, wọ́n ká ẹní, nítorí ọkọ ló sọ̀rọ̀. Sátidé wá di ti bọ́ọ̀lù, Hausa sì gba ojúde. Oúnjẹ kò wu Màmá mọ́.

Ọjọ́ ìdìbò dé. Ewì náà ti kúrò ní Hayin Banki, ó ti tàn ká Kaduna. Orúkọ àwọn olùdíje yòókù kò wá sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ikùn-ń-ṣíwájú ni gbogbo ilé ń pè. Ó wọlé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, alága tuntun dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Hameedat na apá méjèèjì dí i.

"Bàbá, ẹ ké ewì kẹ́ ẹ tó wọlé."

Màmá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ọmọ náà kò sọ Yorùbá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àbdùlsàlámì wo ikùn ara rẹ̀, ó ké ewì náà tán, ó sì fi tirẹ̀ kún un: *Ìyàwó tó sọ ọ́ lórúkọ ló ń bọ́ ọ.* Màmá lọ gbé ẹní.

Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Olúṣẹ̀yẹ, Bilqees àti Fadékẹ́, sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọkọ wọn Àbdùlsàlámì, tí kò tíì lè jẹun láti ọjọ́ Mọ́ńdè tí Màmá ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹ múra ewì kan sílẹ̀: Hameedat ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánnà fún Àṣàbí láì béèrè ewì lọ́wọ́ wọn. Bí a bá sì béèrè rẹ̀, ọkàn wa balẹ̀.

Màmá, ẹ sùn re.