Ògiri Òkúta Lójú Ọ̀nà Phalut

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá. Tumling

Kó wà lákọsílẹ̀: èmi Yehang ti rin orí òkè yìí dé Phalut nígbà ogójì. Nígbà kan, mo gbé ewúrẹ́ olóyún sọ́rùn, ó bímọ lójú ọ̀nà, mo gbé tìyá-tọmọ. Ohun tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Dilhang, àbúrò ìyá mi, nìyẹn kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́ amọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí. Bí ìrù! Wọ́n ní bí mo bá ṣe dáadáa, iwájú ni tèmi lọ́dún tó ń bọ̀.

Àlejò méjì, tọkọtaya àgbà láti Kolkata. Ọkọ — Fìlà Ọ̀bọ, torí fìlà òwú tó bo gbogbo orí rẹ̀, ojú àti imú ló kù. Ìyàwó — Màmá Bisikíìtì. Mo fẹ́ràn màmá yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7. Kalipokhri

Òtútù. Itọ́ mi dì kó tó kanlẹ̀. Fìlà Ọ̀bọ bi mí bóyá mo mọ ọ̀nà. Mo ní ọ̀nà ló mọ̀ mí.

Ọjọ́rú, 8. Sandakphu

Orúnkún Bọ̀ọ̀dá wú bíi momo tí wọ́n ki ẹran sínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní, “Iwájú ni tìẹ lọ́la, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ogójì ìgbà lo wí, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo yára bu ọbẹ̀ thukpa kún abọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 9. Phalut!

Kùrukùru bolẹ̀. Pápá gbalasa, ipa ẹsẹ̀ yak, màlúù onírun orí òkè wa, lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, gbogbo wọn ló jọ ọ̀nà. Mo yan èyí tó fẹ̀ jù. Ẹnu mi ò dúró — mo ń nàka sínú funfun, mo ní òkè Kanchenjunga nìyẹn. Fìlà Ọ̀bọ ń dúpẹ́.

Ni ògiri òkúta kan bá yọ, irú èyí tí wọ́n gbẹ́ àdúrà sí lára. Ọwọ́ òsì mi ló wà. Mo dúró. Níbí, ọ̀mùtí pàápàá kì í kọjá lára ògiri àdúrà àfi kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo wolẹ̀: kò sí ipa bàtà kankan, ìgbẹ́ yak nìkan. Yak ò lẹ́sìn. Ọ̀nà tiwọn la tọ̀, ọ̀gbun ló sì wà níwájú.

Fìlà Ọ̀bọ ní ṣé a ti ṣìnà ni.

“Rárá o, bàbá. Ibí la ti ń yí ògiri po, kí òkè lè gbà wá lálejò.”

A yí i po. Ọ̀nà gidi wà lódìkejì, ẹsẹ̀ èèyàn ti mú kí òkúta rẹ̀ máa dán. Màmá pàtẹ́wọ́ pọ̀ gbàdúrà, ó fún mi ní bisikíìtì. Ta ló dúró sójú ọ̀nà náà? Bọ̀ọ̀dá, wọ́n fara ti ọ̀pá, wọ́n ń jẹ wàrà gbígbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10. Phalut

Ojú ọ̀run mọ́. Kanchenjunga yọ — ní òdìkejì ibi tí mo nàka sí. Fìlà Ọ̀bọ wò ó, ó wò mí. Mo ní òkè yẹn máa ń rìn lóru. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́.

Bọ̀ọ̀dá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mo fẹ́ pariwo pè ẹ́ lánàá. Mo wá rí i pé o dúró, o wolẹ̀. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ni ìtìjú kì í jẹ́ kó dúró. Má dúró dọdún tó ń bọ̀ mọ́. Gba iwájú.”

Mo gbà á. Àyà mi fẹ̀ débi pé bọ́tìnnì kan já.

Ìwọ ìwé nìkan ni n ó sọ fún. Ewúrẹ́ yẹn, òótọ́ ni, ọmọ méjì ló sì bí. Ogójì ìgbà yẹn ni irọ́. Kí ó tó di àná, n ò kọjá Sandakphu rí láyé mi.