Ajá Tó Ń Ṣọ́ Dàńṣíkí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Tí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kambolé dé ọ̀dọ̀ yín bá sọ fún yín pé mo gbé Dúródèmí lọ sí Sokodé, pé mo sì tà á fún àwọn tó ń jẹ ajá, irọ́ ni. Ẹ má gbà á gbọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n rí mi pẹ̀lú rẹ̀ lórí mọ́tò, wọ́n sì rí mi nígbà tí mo padà dé láìsí i. Ìyókù, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ajá yín wà láàyè. Bí mo ti ń kọ èyí, ó wà níwájú mi lábẹ́ igi irú tó wà létí oko, ó ń fi etí lé eṣinṣin, ó sì sanra ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín, àwọn àgbà pín aṣọ yín. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ni wọ́n fún ní dàńṣíkí kíjìpá aláró tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sóko. N kò bínú sí i. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì bá a mu léjìká. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ajá nínú gbogbo wa. Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́ ọ pàápàá kò rántí.

Ṣé ẹ ṣì ń rántí bí ẹ ṣe kọ́ ọ? Tí ẹ bá ti dé oko, ẹ ó bọ́ dàńṣíkí, ẹ ó ká a, ẹ ó gbé e sídìí igi irú, ẹ ó sì ní kí ó jókòó tì í. Nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ajá, ó máa ń fẹ́ sùn lé e lórí. Ẹ ó rọra fi ẹsẹ̀ sún un sẹ́yìn. Ó tún ń bọ̀, ẹ tún ń sún un, títí tó fi mọ̀ pé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè nà dé ni òun gbọ́dọ̀ dúró sí. Dàńṣíkí yẹn lẹ máa ń wọ̀ kírun Alásárì lóko, itọ́ ajá kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ajá tó ń ṣọ́ aṣọ láìfi ẹnu kàn án! Mo ti bi àwọn ọdẹ ní Koussountou bóyá wọ́n ní irú rẹ̀ rí. Wọn kò ní.

Nílé náà, ẹ kò jẹ́ kó kọjá odó ìyá mi. Kò wọ yàrá rí. Kò sún mọ́ búta àlùwàlá rí. Àwọn àlejò tó bá fẹ́ sọ pé ilé Mùsùlùmí kò yẹ kó ní ajá, wọ́n á wò ó títí, wọn kò ní rí ohun tí wọ́n máa sọ. Oko ló ń ṣọ́, ọ̀yà ló ń lé, ó sì mọ ààyè rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ kò sì nà án. N kò rí pàṣán lọ́wọ́ yín lójú rẹ̀ rí.

Mo rántí ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé dàńṣíkí náà wá bá yín lápá kejì oko, tí ajá tí mo ń fún lóúnjẹ dìde tó sì kùn sí mi. Ẹ rẹ́rìn-ín títí tí ẹ fi jókòó lórí ebè. Kí ló dé tí n kò fi rántí ẹ̀rín yẹn ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín aṣọ?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ó ń bá mi lọ sóko láràárọ̀, ó sì ń lọ jókòó sídìí igi yẹn bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé ibòòji ló ń wá.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Kékeré wá bá mi wa iṣu. Ó wọ dàńṣíkí. Dúródèmí rí i látòkèèrè, ó sáré, ìrù rẹ̀ ń jù bí ìgbà tó bá rí yín. Inú mi dùn. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó dúró. Lójijì ló fi ẹnu gbá etí aṣọ mú, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ilẹ̀, ó ń fà á. Aṣọ ló dì mú, kì í ṣe ẹran ara. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ṣubú sáàárín ebè, eyín ajá sì ha á lọ́rùn ọwọ́.

"Ó ti ya dìgbòlugi! Ẹ gbà mí o!"

Àwọn ará oko ẹ̀gbẹ́ wa sáré dé, tọkọ́ tigi. Mo ti dùbúlẹ̀ lé ajá lórí.

"Kúrò níbẹ̀, jẹ́ ká pa á!"

"Ẹ kọ́kọ́ pa èmi."

"Ẹ wo ọmọ olórí kunkun yìí! Ṣé ajá ni bàbá rẹ fi ṣe arólé ni?"

"Ajá yìí kò tíì pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Mo mọ̀. A kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò bá sì ti bá mi wí lójú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó rọ̀. Mo wá bi wọ́n pé tí a bá pa á báyìí tí a sì sọ ọ́ nù, ta ló máa sọ fún wa bóyá àrùn wà lára rẹ̀, bóyá Bàbá Kékeré wà nínú ewu tàbí kò sí? Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló fèsì láti ilẹ̀ tó jókòó sí, ó di ọwọ́ mú.

"Kí ó gbé e lọ fún dókítà. Tó bá jẹ́ pé ó ya dìgbòlugi lóòótọ́, òun náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ní ọ̀sán yẹn, ó lọ gba abẹ́rẹ́ ní Tchamba. Èmi wá zémi, alùpùpù akérò, tó máa gbé wa. Àwọn ọlọ́mọ́tò ń sá fún mi, àfi ẹnì kan láti Tchamba tó wo ajá nínú apẹ̀rẹ̀ iṣu, tó mi orí.

"Tó bá bù mí jẹ ní ìdí, ìwọ lo máa wa mọ́tò yìí dé Sokodé o."

Dókítà ẹran tó wà ní Sokodé jẹ́ ọmọbìnrin tí kò jù mí lọ púpọ̀. Ó ní kí n fi ajá sílẹ̀ nínú ọgbà òun kí òun máa wò ó. Tí àrùn náà bá wà lára rẹ̀, kò ní pẹ́ fi ara hàn. Mo padà sílé láìsí i láti sọ fún ìyá mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní mo ti tà á.

Lọ́jọ́ kejì mo tún gba Sokodé lọ. Mo wọ̀ sọ́dọ̀ Alhaja tó ń ta aṣọ, oníbàárà iṣu yín ní àdúgbò Komah. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Ajá kẹ̀? O fi oko sílẹ̀ nítorí ajá?"

"Ajá bàbá mi ni, Alhaja."

"Háà. Sùn síbí. Ṣùgbọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ dáadáa kí o tó sún mọ́ ẹní mi o, ọmọ Kambolé."

Nígbà tí mo dé ọgbà dókítà, ojú rẹ̀ kò dára. Dúródèmí kò jẹun, kò mu omi. Àmì tí wọ́n ń bẹ̀rù nìyẹn, Bàbá mi. Mo rò ó pé ọwọ́ mi yìí ni mo máa fi pa á. Mo wá wo àwo oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, mo rí i pé bó ṣe ń yí ojú kúrò níbẹ̀ ló ṣe máa ń yí i kúrò nígbà tí ẹ bá ní kí aládùúgbò ju ẹran sí i láti dán an wò. Ẹ kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ àjèjì! Mo bẹ dókítà kó jẹ́ kí n wọlé. Mo fi ọwọ́ mi fún un ní iṣu sísè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi inú abọ́ gbẹ, ó tún ń lá ilẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ èyí látàná?" Bí dókítà ṣe ń bá mi jà tó ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ti Komah rìn lọ fún un lóúnjẹ, títí dókítà fi ní ara rẹ̀ dá pátápátá, tó gún un lábẹ́rẹ́, tó ní ká máa lọ. Ó ní òun kò tíì rí ajá tí wọ́n kọ́ tó báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn.

Ní ọ̀nà, mo ń fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí: ìyá mi, ọlọ́mọ́tò yẹn, Alhaja, dókítà. Nígbà tí a wọ Kambolé, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, wọ́n ń pe orúkọ ajá. Obìnrin kan tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí gbé omi jáde fún un. Ọkùnrin tó bi mí nípa arólé yẹn náà wá, ó wo ilẹ̀, ó ju egungun kan sí i. Dúródèmí kò gbà á. N kò fi ìka ka ènìyàn mọ́.

Bàbá Kékeré fẹ́ máa wọ dàńṣíkí yín kírun, itọ́ ajá sì ti kàn án. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ sódò, mo fọ̀ ọ́ bí ẹ̀sìn ṣe ní ká fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti omi, omi léraléra. Ìgbà tí mo fún omi ara rẹ̀ gbẹ̀yìn ni mo gbé e sí imú. Ọṣẹ àti odò nìkan ló kù. Òórùn yín ti lọ. Ẹ dárí jì mí, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tó gbẹ, èmi àti Bàbá Kékeré gbé e lọ sóko, mo ká a sídìí igi irú. Dúródèmí wá, ó gbóòórùn rẹ̀ yíká. Ó gbé orí sókè, ó wò mí, ó sì rìn kúrò níbẹ̀. Bàbá Kékeré gbé dàńṣíkí rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ajá kò tilẹ̀ yíjú.

"Jẹ́ kó máa wà. Ṣùgbọ́n tó bá bímọ, akọ kan jẹ́ tèmi, kí o sì kọ́ ọ dáadáa, má fi ìwà tìrẹ kọ́ ọ."

Ní báyìí, òun ló ń sọ ọ́ kiri ọjà Koussountou pé irú ajá tó wà nílé ẹ̀gbọ́n òun, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Èmi máa ń so ṣẹ́ẹ̀tì mi kọ́ ọ̀pá iṣu ni. Láàárọ̀ yìí, n kò mọ ohun tó mú mi ká a sídìí igi, níbi tí tiyín máa ń wà. N kò pe ajá. N kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbójú sókè láti ibi ebè, ó ti dùbúlẹ̀ tì í, ó sì fi àlàfo ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín, bí ẹ ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Alásárì ti tó. Mo fẹ́ lọ gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí etí rẹ̀ le bó ṣe le nígbà tí ẹ wà láyé.