Orúkọ Tí Gbogbo Ayé Fi Mọ̀ Wọ́n

Ojúlé 214, Willow Trace,
Cedar Bend, lẹ́bàá Atlanta,
Georgia.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Samirah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Abdulsobur ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ rò fún ọ.

Ṣé o rántí Aunty Clara, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé? Òtẹ́ẹ̀lì kan ní College Park ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ojú wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè wa mọ́tò mọ́, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú wa ló ń gbé wọn dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Ṣàdédé ni ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn máa wọ́gi lé bọ́ọ̀sì náà tó bá di oṣù kìíní. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ, iṣẹ́ Aunty lọ nìyẹn.

Òfin ìlú wa sọ pé bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ olùdìbò bá fọwọ́ sí ìwé, dandan ni kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo ìlú kí a dìbò lé e. Ni a bá dìde. Èmi tí o mọ̀ pé n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, èmi ni mo gba ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. John, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣètò rẹ̀, tẹnu mọ́ ọn fún mi pé orúkọ tí kálukú fi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ni kó kọ, láìyẹ lẹ́tà kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró síwájú àwọn àgbà ìjọ. Samirah, ẹnu mi ò gbà á. Báwo ni màá ṣe wojú àwọn tó tó bí mi lọ́mọ, kí n máa dárúkọ wọn gbàgàdà? Mo bá fi àpọ́nlé túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ." Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo ká ìwé náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni yóò máa yẹ ìwé àgbà wò?

Nígbà tí gbogbo ìlú kó tiwọn pọ̀, a fi ọgbọ̀n lé iye tí wọ́n béèrè. A jó nínú parking lot.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni èsì dé. Wọn ò gba orúkọ mọ́kànlélógójì. Ó ku mọ́kànlá kó pé, gbèdéke sì ti kọjá, kò sáyè àfikún. Mo ní irọ́ ni. John wá fi ìwé tí wọ́n fi bírò pupa fagi lé hàn mí. Orí mi fò lọ! Mummy Hephzibah. Daddy Israel. Ìyá Ìjọ. Màmá Norcross. Mẹ́rìnlá ni ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, tiwa nìkan ì bá sì ti tó. John rọra bi mí bóyá ìdílé kan náà ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Mummy yìí.

N ò lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ kẹfà ni Mummy Praise. Aunty Clara fúnra wọn nìyẹn.

Mo lọ bá wọn nílé, mo kúnlẹ̀. Mo ti gbára dì fún èébú, wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Mọ́tọ́lá, láti ọjọ́ tí mo ti bí Praise, ta ló tún pè mí ní Clara nínú ìjọ?" Ẹyin lohùn, Samirah. Tèmi ti fọ́, mi ò rí i kó jọ. Wọ́n ṣì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí shift wọn láàárọ̀ òní, oṣù méjì ààbọ̀ ló kù.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ wọ́n, mo ti jẹun wọn àìmọye ìgbà, Ìyá Samirah ni mò ń pè wọ́n. Jọ̀wọ́, bi wọ́n ní orúkọ wọn fún mi.

Èmi ni tìrẹ tí ẹnu rẹ̀ kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀,

Mọ́tọ́lá Àbẹ̀kẹ́ Akínjídé,
Ìyá Seth tí ìwọ mọ̀.