Zahrau Kò Gbà Mí Gbọ́ Mọ́

Hadiza, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín n'Ílọrin? Ara wa dá ṣáṣá ní Mabera níbí. Ooru mú díẹ̀, ṣùgbọ́n a ń rẹ́rìn-ín.

O béèrè nípa yógà tí wọ́n ń kọ́ Zahrau ọmọ rẹ níléèwé ìjọba níbí. Wọ́n ti fòfin dè é. Níbi ìpàdé òbí tó bí òfin náà, àwọn kan ní ìbọ̀rìṣà ni. Ìyá kan fèsì pé, "Ọmọ na ẹsẹ̀, ẹ ní ó bọ̀rìṣà! Bọ́ọ̀lù ńkọ́?" Malam Hassan tó ń darí ìpàdé bá kọjú sí mi: "Baba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, kí lẹ rí sí i?"

Mo mọ̀ pé mímí tí wọ́n kọ́ Zahrau níbẹ̀ máa ń fún un ní ìrọ̀rùn bí asimá bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má baà ní àwa Yorùbá tó jẹ́ àlejò níbí kò mọ ẹ̀sìn. Mo ní haramun ni, pé ẹ̀sìn kọ̀ ọ́. Gbogbo wọn kígbe, "Allahu Akbar!" Ojú ń tì mí títí di òní.

Lánàá, asimá náà tún dé. Mo bẹ Zahrau pé kó mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó mi orí. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní haramun ni." Mo ní mo ṣìwí ni. Kò gbà.

Má mikàn o, oògùn tó ń fà símú kò tíì tán. Bá mi kí ọkọ rẹ. Zahrau náà kí ọ. Ọwọ́ ló fi júwe rẹ̀, èémí kò tíì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ,
Bàdírù