Ọ̀rọ̀ Ẹnu Yín Tí Mo Bá Ní Lomé

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ̀wé sí yín. Kì í ṣe pé n kò rí nǹkan sọ. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù, n kò sì mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ mú. Lónìí mo jókòó sábẹ́ igi kan nínú ọgbà yunifásítì, oòrùn ò tíì mú, mo sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe ìdánwò àfẹnusọ rẹ̀.

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni mo ń kọ́ gan-an. Orí àga mọ́tò àtijọ́ tí ẹ fi ṣe bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Abossey Okai, àdúgbò àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Accra, la jókòó sí, ẹ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ àgbàdo pẹ̀lú ẹja, ìrù ẹja lẹ kọ́kọ́ jẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín. Mo fún yín ní èsì kan tí kò lórí, tí kò nídìí, torí mo rò pé kò lè yé yín. Ẹ mi orí, ẹ ní ó dáa. Ẹ foríjì mí. Ohun tí mo ń kọ́ kò ṣòroó sọ. Mo ń wádìí bí àwa èèyàn etí òkun yìí, láti Accra dé Lomé, dé Cotonou, dé Èkó, ṣe ń gbé ayé pọ̀ bí ẹni pé àwọn ààlà tí òyìnbó fà kò sí. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ díẹ̀ nínú ìtàn, díẹ̀ nínú èdè, díẹ̀ nínú òwò, kó sì mọ ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà. Nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fítà, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ni èmi mú: bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ń bá ọkọ̀ rìn láti ìlú kan dé òmíràn.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Iṣẹ́ yín ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì. N kò sì sọ fún yín.

N kò sọ fún àwọn olùkọ́ mi náà pé ọmọ fítà ni mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, ìyá kan láti ẹ̀yà Gã tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, rò pé inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Abossey Okai. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé bàbá mi ni mo wá kọ oríkì rẹ̀ ní yunifásítì.

Nígbà tó tó àkókò láti lọ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Aflao létí ààlà Togo, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà, ó di Lomé. Wọ́n júwe ọgbà àwọn fítà kan fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí àríwá. Fófò Kọmla ni olórí ibẹ̀. Fófò ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin lédè Ewe. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ó gbọ́ èdè Twi dáadáa, Twi náà la fi ń sọ̀rọ̀. Mo tan fóònù mi kí ó lè máa gba ohùn wa sílẹ̀.

Wọ́n ti lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tó tẹ̀, ó ti tọ́, wọ́n ti fi nǹkan funfun yẹn dí i, wọ́n ti ha á kó lè dán. Ẹni tó fẹ́ kun ún gbé ẹ̀rọ ọ̀dà. Fófò Kọmla dá a dúró. Ó ní kó má tíì kun ún, àwọn ò tíì ṣe kùdíẹ̀.

Bàbá, ara mi bù máṣọ. Mo ní kó tún un pè.

"Kùdíẹ̀," ó ní. Ó pa ojú rẹ̀ dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ra ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn. Ó dúró níbì kan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. "Ojú á ní ó ti tọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa sọ òótọ́."

"Èdè wo ni kùdíẹ̀?"

"Èdè fítà ni."

Kò mọ̀ pé Yorùbá ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà yẹn tó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo dúró níbẹ̀, ohùn yín ni mo ń gbọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó dè yín lórí bẹ́ǹṣì yẹn lẹ́yìn ilé ìwé, tí ebi ń pa mí, tí mo bi yín pé ṣé ẹ ti ṣe tán. Ẹ óò pa ojú dé, ẹ óò fi ọwọ́ ra ara ọkọ̀, ẹ óò ní ó kù díẹ̀. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ta ni ì bá sọ fún mi pé ó máa kọjá ààlà láìní ìwé ìrìnnà, pé ó máa di orúkọ iṣẹ́ lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ èdè wa?

Mo bi Fófò Kọmla pé ta ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó kọ́ṣẹ́ ní Accra ló kọ́ òun, pé ọ̀rẹ́ náà ti wà ní Ouagadougou báyìí, àwọn ará ibẹ̀ náà ti ń pè é ní kùdíẹ̀. Ó ní Alátà kan ló dá a sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Afọ́jú ni," ó ní. "Kò ríran rárá. Ṣùgbọ́n tó bá fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ó máa sọ fún ẹ pé ọkọ̀ yìí ti ní jàǹbá rí nílùú òyìnbó kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ òkun."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin yẹn kì í ṣe afọ́jú, pé bàbá mi ni. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ẹni tó bá ti Accra wá ló ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n," ó ní.

Mo padà sí Accra, orí mi ń wú. Mo jókòó, mo kọ orí kẹrin ìwé mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àfikún ni ti ojú fífọ́ yẹn, pé ẹni tó ń ròyìn ló rí i pé wọ́n ń pa ojú dé láti ṣe é, tó wá fi sọ ẹni tó dá a sílẹ̀ di afọ́jú. Ó dùn lójú ìwé. Kó lè lẹ́rìí, mo mú un tọ Bùọ̀dá Kwaku lọ. Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, òun náà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín títí di òní. Mo kà á fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bùọ̀dá Kwaku gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó nu ún títí ó fi pẹ́ jù.

"Má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Òótọ́ ni wọ́n sọ ní Lomé."

Bàbá, àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó sọ fún mi pé ọdún mẹ́sàn-án gbáko kí ẹ tó fi ayé sílẹ̀ ni ojú yín ti ń kú. Ti apá òsì ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún tẹ̀ lé e. Òun ló ń mú yín dé ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, òun ló ń mú yín padà sílé nírọ̀lẹ́, òun ló ń sọ àwọ̀ ọ̀dà fún yín. Àwọn oníbàárà ò mọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mọ̀, ẹ sì mú wọn búra. Èmi wà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, Màmá ti kú, mo ń wá kí yín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ máa ń jókòó síbì kan náà, ẹ máa ń ní kí n fún yín lọ́wọ́, ẹ óò dì í mú pẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ nìkan ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún mi. Ó ní ẹ sọ pé bí mo bá gbọ́, n óò fi ìwé sílẹ̀ wá máa fà yín lọ́wọ́.

Ẹ̀rù bà mí, Bàbá, torí òótọ́ ni. Ǹ bá fi í sílẹ̀.

Mo wá rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gboyè. Ẹ jókòó láàárín àwọn òbí, ẹ wọ agbádá búlúù, Bùọ̀dá Kwaku wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo juwọ́ sí yín láti orí ìlà wa. Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo tún juwọ́. Inú bí mi. Mo ní ẹ ò ka nǹkan tí mo ṣe sí, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ ya fọ́tò, mo sì fi yín sílẹ̀ lórí àga títí àwọn èèyàn fi tán nínú gbọ̀ngán. Ọdún mélòó ni mo fi di ìyẹn sínú? Bùọ̀dá Kwaku ní òun sọ sí yín létí pé mo ń juwọ́. Ó ní ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí n kò sí lẹ kọjú sí. Kí òun tó yí yín padà, mo ti kẹ́yìn.

Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Lẹ́yìn ẹkún, ìyanu ló kù nínú mi. Àwọn tí kò rí yín rí, tí wọn ò mọ orúkọ yín, tí wọn ò gbọ́ èdè yín, wọ́n mọ ohun tí èmi ọmọ inú yín kò mọ̀. Wọ́n ti gbé e kọjá ààlà méjì, kò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo pa orí kẹrin rẹ́. Mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí n yọ ọ̀rọ̀ yín kúrò.

"Pé bàbá ẹ ni kì í ṣe àléébù," ó ní. "Pé o fi pa mọ́ fún ẹni tó ń kàwé ni àléébù. Lọ kọ ọ́ bí ọmọ rẹ̀, kó o sì jẹ́ kí a rí ibi tí ọmọ náà ti ṣàṣìṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn mẹ́ta jókòó níwájú mi. Ẹnì kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ti Cotonou wá, gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe Cotonou ni ọ̀rọ̀ náà ti dé Lomé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń sọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Mo ní ní Cotonou, èèyàn lè sọ pé ó kù díẹ̀ nípa ọbẹ̀ tó wà lórí iná, nípa ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, torí wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lomé àti Ouagadougou tí wọn ò ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ló ti di orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Ọwọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Accra ló bá dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí. Ó tún bi mí pé ta ló lè jẹ́rìí sí ẹni tó dá a sílẹ̀.

"Èmi," mo ní. "Ọmọ rẹ̀ ni mí."

Bùọ̀dá Kwaku, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, tó ti jókòó lẹ́yìn láti àárọ̀, dìde. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àwọn tó wá wòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

"Èmi náà," ó ní lédè Twi, ó sì jókòó padà. Kò sí ẹni tó bá a wí.

Wọ́n ní kí a bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wá padà wọlé, wọ́n pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Àtúnṣe kan ni ọkùnrin Cotonou yẹn ní kí n ṣe. Ní gbogbo ibi tí mo ti kọ "oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Accra", ó ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí n kọ orúkọ yín sí i, orúkọ àti ti bàbá yín, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí. Mo ṣe é láàárọ̀ òní. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni orúkọ yín wà nínú ìwé náà.

Kí lẹ ń rí ní gbogbo ọdún yẹn, Bàbá? Ṣé òkùnkùn ni, àbí ẹ ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí mo bá wọlé wá? Nígbà tí mo bá ń fi ìbínú dáhùn, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ lóhùn mi, bí ẹ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ mọ ibi tí ara ọkọ̀ kò tíì tẹ́jú?

Bí mo ṣe kọ lẹ́tà yìí dé àárín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé, ta ni yóò kà á fún yín? Bùọ̀dá Kwaku tó jẹ́ ojú yín ṣì wà láyé níbí lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, mo ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ń kà á jẹ́jẹ́, kí ó lè yé yín.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó ń kàwé fún yín lábẹ́ igi ní Accra.