Èwo Ló Mọ Fìyìnfólúwa Nínú Wọn?

Kòrò,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìpàdé àwa ìyá ìjọ.

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ìbàdàn ńkọ́, ṣé wọ́n ń fojú ire wò ọ́ níbẹ̀? Olúwa tó gbé ọ débẹ̀ kò ní gbàgbé ọ síbẹ̀. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, inú ilé ni yóò bá ọ, bí oòrùn bá fẹ́ mú, abẹ́ ibòji ni yóò bá ọ, ẹni tó bá sì ní kí ọ̀rọ̀ há ọ lẹ́nu níwájú àwọn èèyàn, omi ni yóò há òun lọ́fun. Àmín. Àwa náà wà láàyè. Orúnkún bàbá rẹ ti sàn díẹ̀, ó kù kí wọ́n gbà pé ó ti sàn. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan jọ Alhaji Abdulfatai, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tí ilé wọn kọjú sí tiwa, pàápàá níwájú orí, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan bàbá rẹ, fóònù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àfi kéèyàn pariwo kí ohùn tó lè rìn dé Ìbàdàn, tó bá sì fi máa débẹ̀, gbogbo Kòrò á ti gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ dìkódà ni. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àrá sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dìkódà wa àtijọ́, àpótí tó ń gba àwòrán wá fún tẹlifíṣọ̀n, ṣe táù, ó sì ń rú èéfín bí ẹni tó ń mu tábà. Mo da omi sí i kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, ìyẹn ló sì pa á pátápátá. Bàbá rẹ ní ojú ọ̀run tó ti ń gba àwòrán náà ló padà sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni o pè pé wọ́n ti gbé ọ kúrò nídìí rédíò, pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wàá máa ka ìròyìn Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo jó. Bàbá rẹ kò jó.

O mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n fẹ́ kí o ṣe nílé níbí. Látìgbà tí o ti lọ, wọ́n ní kí èèyàn máa jókòó ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn síta, òfófó olówó oṣù ni. Wọ́n tún ní Ìbàdàn ti gbé ahọ́n rẹ mì, pé o ti ń fọ̀ bí ará Ọ̀yọ́, pé tó bá pẹ́ sí i, a óò máa wá ògbufọ̀ kí a tó lè bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Látọdún Kérésìmesì, tí o bá pè, mo máa ń sọ fún ọ pé wọ́n ń sùn. Ọmọ mi, wọn kì í sùn. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á tẹ́tí sí gbogbo ohun tí mò ń sọ, tí mo bá ti pa fóònù, wọ́n á ní ṣé ó ti jẹun? Wọ́n á wá máa wo òkè àjà bí ẹni pé àjà ni wọ́n ń bi.

Mo ní n ó ra dìkódà tuntun. Wọ́n ní àwọn kò ní ohun kan láti wò níbẹ̀. Mo ní owó kajú tí mo tà ni n ó fi rà á.

Alhaji Abdulfatai ló gbà mí nímọ̀ràn pé irú tí wọ́n ń pè ní fúrì-tu-ẹ́à ni kí n rà, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni láti ojú ọ̀run, kò sí pé à ń san owó oṣooṣù. Mo dúpẹ́. Mo ní ṣebí láti òkè náà ni òjò ti ń wá, ta ló ń san owó òjò? Èmi àti Alhaji bá wọ takisí lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, sí ṣọ́ọ̀bù Hassan, ọmọ kan tó mọṣẹ́, tó sì ní sùúrù, èyí tí wàá rí i pé ó wúlò fún un. Mo mú èyí tó wù mí nínú dìkódà rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo súre fún un, mo súre fún ìyàwó rẹ̀, mo sì yíjú láti máa lọ. Hassan sáré dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá, owó ńkọ́? Mo ní owó kí ni, ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Ó ní àwòrán ló jẹ́ ọ̀fẹ́, àpótí tó ń gbà á kì í ṣe ọ̀fẹ́. Inú bí mi, mo ní ìyẹn ni pé omi òjò lọ́fẹ̀ẹ́, garawa lówó? Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá, kò sí ẹni tó tíì ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí rí. Mo padà sídìí àwọn dìkódà rẹ̀, nítorí èmi fúnra mi ni mo fẹnu ara mi kó bá ara mi.

Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀ pé kí n yàn. Ó ní gbogbo wọn ló ní wáráńtì ọdún kan. Mo ní kí ló ń jẹ́ wáráńtì? Ó ní ìlérí ni pé wọn kò ní kú láàárín ọdún kan. Ara mi bù máṣọ. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, o mọ ọjọ́ ikú wọn, o sì tún ń tà wọ́n? Mo gbọ́wọ́ lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún wọn, Alhaji ń ṣe àmín, oníbàárà kan tó ń wọlé bọ̀ ṣí fìlà, ó rò pé ìsìn ni a ń ṣe.

Alhaji fẹ́ràn èyí tó tóbi jù, tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé. Hassan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣánẹ́ẹ̀lì ló lè gbà. Mo ní àwọn èèyàn tó pọ̀ tó yẹn, ibo ni ọmọ mi yóò ti rí àyè jókòó sí? Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo wá ṣe níbí. Mo bi Hassan pé, èwo ló mọ Fìyìnfólúwa nínú wọn?

Kò rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó bi mí pé ilé iṣẹ́ wo ni o wà, mo sọ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó ronú, ó ní kí a dán wọn wò. Ó fi wáyà so èyí tó tóbi mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ló kọ́kọ́ jáde, Alhaji ní ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, mo ní rárá. Nígbà tó yá, orúkọ ilé iṣẹ́ yín jáde, a gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nípa owó epo, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Mo ní ó mà ṣe o, wọ́n ti mú iná wọn lọ ní Ìbàdàn! Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, síbẹ̀ wọ́n ń ṣiṣẹ́. Omi lé ròrò sí mi lójú. Hassan ní iná wọn wà, dìkódà yìí ni kò gbọ́ èdè tuntun tí wọ́n fi ń fi àwòrán ránṣẹ́, ohùn nìkan ló lè mú. Èyí tó ṣe ìkejì rí bákan náà. Ó wá mú ìkẹta, kékeré báyìí, bí àwo ọṣẹ, kò ní iná kankan lára ju ẹyọ kan lọ. Ó fi í sí i, ọkùnrin elépo náà sì jáde pẹ̀lú eyín rẹ̀ àti tái rẹ̀. Alhaji ní nǹkan yìí kéré jù, ilé yóò fojú tín-ín-rín wò ó. Mo ní ó mọ ọmọ mi, ẹ dì í fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, Hassan wá bá wa gbé dìṣì tuntun, àwo irin tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run, sórí òrùlé. Bàbá rẹ mú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń hun, wọ́n jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n kọ̀yìn sí wa. Hassan ní òun fẹ́ ṣe síkáànù fún dìkódà náà. Mo ní ṣé ó lóyún ni? Ó ní ṣánẹ́ẹ̀lì ni òun ń wá nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣe é jẹ́jẹ́, nítorí ó kéré lọ́jọ́ orí. Ó yí dìṣì síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Ó ní agbára wà, kúálítì ni kò sí. Mo ní bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí nìyẹn, agbára ń bẹ, ìwà ni kò sí. Ó wá nawọ́, ó ní igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló dí i lójú, àfi ká gé e. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bàbá rẹ ni, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ pàápàá mí sí. Àwọn tó tóbi jù ti so, wọn kò tíì gbó. Mo ní kí Hassan sọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, etí bàbá rẹ kò sí níbi apẹ̀rẹ̀ látàárọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló wà.

Wọ́n dìde. Mo rò pé ìjà dé. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú àdá jáde, wọ́n lọ síbi ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì bẹ́ wọn lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàá, pàá, títí ojú ọ̀run fi mọ́lẹ̀ lápá ibẹ̀. Wọ́n nu àdá, wọ́n ní àwọn ti fẹ́ gé e tẹ́lẹ̀, pé ó ń kó ẹ̀fọn jọ. Wọ́n padà sídìí apẹ̀rẹ̀. Hassan ké láti orí òrùlé pé ó ti lọ́ọ̀kì! Mo ní mo gbé, ohun tí a ò tíì lò rárá ti tì pa, níbo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ó ní ayọ̀ ni, Màmá, ó ti dì í mú ṣinṣin ni.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ dé. Mo gbá pálọ̀, mo wọ bùbá òyìnbó tí o rà fún mi, kí o má baà bá mi nínú aṣọ oko. Àwọn ará àdúgbò kún inú ilé, Alhaji jókòó síwájú. Bàbá rẹ ní àwọn ń lọ gbatẹ́gùn níta, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni atẹ́gùn wọn mọ. O jáde. Ah, Fìyìn! O ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo dìde, mo dáhùn, mo bi ọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, o kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ gómìnà ni o bẹ̀rẹ̀ sí sọ. Ó dùn mí díẹ̀. Alhaji ní kí n má bínú, gbogbo ayé ló ń kí ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń yìn ọ́, àwọn kan ń ṣe họ̀ọ́, wọ́n ní àbí ọmọ Kòrò kọ́ nìyí, bó ṣe ń fọ̀ bí ọmọ ààfin. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí i tí bàbá rẹ mi orí, wọ́n sì fẹ́ yíjú padà.

Ìgbà náà ni o dé orí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. O ní àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin uṣu. Uṣu! Bí a ṣe ń pè é nílé níbí gan-an. O ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀, o rẹ́rìn-ín músẹ́, o tún un pè ní iṣu bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Bàbá rẹ ti wọlé, n kò mọ ìgbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n ń pariwo pé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ọ? Ó pe uṣu! Wọ́n ní kí Alhaji sún lọ, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọn kò sì dìde mọ́ títí o fi parí. Nígbà tí o ní ó dàbọ̀, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní ó dàbọ̀, ọmọ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní èéfín ọkọ̀ kan ló wọ àwọn lójú. Ọkọ̀ kankan kò kọjá.

Tí ọ̀gá rẹ bá bá ọ wí nítorí uṣu yẹn, sọ fún un pé kó wá bá wa ní Kòrò.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bá mi sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán yín kó má ṣe máa gé ọ ní ìbàdí, èmi fẹ́ rí i bóyá bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ọkùnrin tó jókòó tì ọ́ yẹn, ta ni? Ó ń wò ọ́ jù tí o bá ń sọ̀rọ̀. Ṣé ó níyàwó? Ọmọ ta ni? Fi ìdáhùn èyí ránṣẹ́ kíákíá ju owó lọ. Owó náà, tó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra epo jẹnẹrétọ̀, nítorí iná ọba kì í fẹ́ràn Ọjọ́bọ̀.

Èyí tó kù, bàbá rẹ ní kí n má sọ pé àwọn ni àwọn sọ ọ́. Lánàá, wọ́n ti wẹ̀ kí aago méje tó lù, wọ́n sì ti jókòó. O ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ mà rèé o, Fìyìnfólúwa, ṣé o ti jẹun lónìí? Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, o ti dé ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí o bá ti kí wa tán, má sáré. Mí díẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ ń dá ọ lóhùn.

Ọlọ́run tó gbé ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ wa yóò máa gbé ìwọ náà wálé láyọ̀. Ahọ́n rẹ kò ní ṣì ọ́ gbé, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ràn rẹ, ibi tí o bá jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò ní lé ọ dìde.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Leah Ògúnjìnmí.