Lọ́fínńdà Ọ̀gá Lára Mi

Ajé, 3 oṣù kẹta
Ọ̀gá wa obìnrin wá sí ilé ìtẹ̀wé lónìí. Lọ́fínńdà wọn ló ṣáájú wọn wọlé — ó dùn bíi ṣúgà tó ń jó nínú páànù, èéfín igi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́, a jókòó dáadáa. Mo gbọ́dọ̀ ní irú òórùn yẹn. Ṣùgbọ́n owó oṣù mi ò tó ìdérí ìgò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo rí bàbá kan tó ń po òróró olóòórùn dídùn lẹ́yìn ibùdókọ̀. Mo sọ ọ́ ní Apòórùn. Mo ṣàlàyé òórùn Ọ̀gá fún un, ó pò ó, mo fi para délé. Màmá jáde láti yàrá: "Ta ló ń yan ẹja?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbé àwo dání.

Ẹtì, 7
Mo dá a padà. Apòórùn ní imú Màmá ni ò yá. Ó ṣáà fi fàníla kún un.

Àbámẹ́ta, 8
Òun nìyí. Òun gan-an nìyí.

Ajé, 10
Mo fi í para lọ síbi iṣẹ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí àga ń dún gbìrà gbìrà. Akọ̀wé owó wa — Ẹnu-Ò-Sinmi ni mò ń pè é — ti da bisikíìtì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ìgbà tó rí i pé èmi ni, ó ní, "Ọlọ́run á bi ọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́rú, 12
Kò sẹ́ni tó ń gbéra mọ́. Bí òórùn náà bá ti dé, wọ́n á ní, "Ọ̀gá Ayédèrú ti dé," wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó dùn mí díẹ̀.

Ẹtì, 14
Ọjọ́ burúkú, èṣù gbomi mu. Mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gé pépà ní kọ̀rọ̀, níbi tí wọn ò ti rí mi. Ẹnu-Ò-Sinmi ń sín Ọ̀gá jẹ — ọwọ́ ní bàdí, ìdí lọ sọ́tùn-ún, ìdí lọ sósì — "Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí." Òórùn náà wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀gá Ayédèrú, wá wò ó bóyá mo ṣe é re."

Ohùn kan dáhùn: "Èmi kì í rọra rìn báyẹn."

Ọ̀gá gan-an ni.

Ẹnu-Ò-Sinmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìwé ìkéde tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ìgbà tó dìde, gbogbo ìkéde náà ti wà láyà rẹ̀.

Ọ̀gá fa afẹ́fẹ́ símú. Imú wọn mú wọn dé ọ̀dọ̀ mi. "Ìwọ, tẹ̀ lé mi."

Mo kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan Apòórùn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní lò ó mọ́."

Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o má lò ó mọ́? Ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Máa lò ó lójoojúmọ́. Kí wọ́n má mọ ìgbà tí mo bá dé. Kí ọ̀rọ̀ yìí má sì kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn."

Àìkú, 16
Mo fẹ́ dà á nù. Mo ṣí ìdérí. Mo tún dé e padà. Iṣẹ́ ò sí níta.

Ajé, 17
Mo lò ó. Òórùn mi ni, òórùn Ọ̀gá ni, ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹnu-Ò-Sinmi ń dìde, ó ń jókòó, bí ẹni tó wà ní ilé ìjọsìn. Ó bẹ̀ mí jẹ́jẹ́: "Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ràn wa, lọ wẹ̀." Mo yíjú sí ẹ̀rọ mi.

Lọ́sàn-án gbogbo wọn jáde lọ jẹun. Ó ku èmi nìkan. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ lé àga. Òórùn náà dé. Mo sáré wọ bàtà, mo jókòó ṣinṣin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka pépà tí mo ti kà tán. Ó pẹ́ kí n tó láyà láti bojú wẹ̀yìn.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àfi èmi àti òórùn ara mi.